Ẹ̀rí Ọkàn àti Ẹlẹ́rìí Kejì: Àkíyèsí lórí Wíwo Inú Ara Ẹni

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń yí ojú sí inú ara rẹ̀ kò ní ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Àròjinlẹ̀ wà, ojú inú wà, ìyẹ̀wò ara ẹni wà, ẹ̀rí ọkàn náà sì wà. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó dúró lórí wíwò. Èyí tí ó pọ̀ jù dúró lórí ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀rí jíjẹ́. A máa ń sọ pé, “Mo bá ara mi sọ ọ́”; “Ọkàn mi kò gbà á”; “Inú mi ń sọ fún mi pé kò ní dára”; “Orí mi ló kọ̀ ọ́.” Nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì ni ó wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ara kan ni wọ́n jọ ń gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìtumọ̀ èdè. Láti ìgbà tí John Mbiti ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti ọgbọ́n-orí Áfíríkà jáde ní 1969, ó ti di ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ láìbìkítà pé àwùjọ ni ó ń sọ ọmọ Áfíríkà di ẹni, pé “èmi” kò sí bí kò ṣe nínú “àwa”. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, a jẹ́ pé Yorùbá ayé àtijọ́ kò ní inú tí ó lè yẹ̀ wò, àti pé àwọn míṣọ́nnárì ni ó wá kọ́ ọ bí a ti ń bi ọkàn ẹni léèrè. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rí ọkàn. Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Ṣódípò, tí àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ìjíròrò tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn ṣe nípa ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin mímọ̀ àti gbígbàgbọ́. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ṣe pàtàkì. Ìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣègùn náà ti ṣàlàyé, ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ lẹ́nu olùkọ́ tàbí láti inú ìwé, ìgbàgbọ́ ni, títí di ìgbà tí a bá fúnra wa dán an wò. Púpọ̀ nínú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìmọ̀ ni ó wá di ìgbàgbọ́ lásán lọ́dọ̀ wọn.

Ìdajì kejì àlàyé yìí ni kì í jẹ́ kí n sùn. Ojú nìkan kò tó. Ọkàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ló ti sọ fún ọmọ kíláàsì kan rí pé, “Ojú rẹ ló wà níbí, ọkàn rẹ ti lọ.” Ọmọ náà ń wo pátákó, ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ohun tí ó rí, kò ní ẹlẹ́rìí. Èyí túmọ̀ sí pé mímọ ara ẹni kì í ṣe iṣẹ́ kan tí a ń ṣe lẹ́yìn tí ìmọ̀ ti parí. Ó ti wà nínú ìmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ẹ̀rí ọkàn ni ohun tí ń dá ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́bi. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, òun ni ó ń fìdí òótọ́ múlẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan náà ni, ẹjọ́ tí a pè é sí ni ó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ orí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn tí ó wà nínú Ogbègúndá, tí Wándé Abímbọ́lá ti jíròrò lé lórí, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, lọ sí ilé Àjàlá láti yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ fi ojú ara wọn yàn. Orí náà wu ojú, ṣùgbọ́n kò jiná, òjò ọ̀nà ayé sì wẹ̀ ẹ́ dànù. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà baba rẹ̀, ó rúbọ, ó sì rí ẹni tí ó bá a yàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ti yan orí tán yóò gbàgbé ohun tí ó yàn bí ó bá ti dé ayé. Orí inú wà nínú mi, èmi ni mo yàn án, síbẹ̀ n kò lè rántí rẹ̀. Mo ní láti lọ bi Ifá léèrè. Nígbà tí Descartes kọ ìwé ìṣàrò rẹ̀ ní 1641, ó pinnu pé kò sí ohun tí ó rọrùn fún ọkàn láti mọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Babaláwo yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ń bọ orí ń fi obì kan orí ara rẹ̀, ó ń kí i, ó sì ń pè é ní “ìwọ”. Ẹni tí ó ń ṣe èyí mọ̀ pé apá kan wà nínú òun tí kò hàn sí òun. Kì í ṣe àìmọ ara ẹni nìyẹn. Mímọ ibi tí ìmọ̀ ara ẹni pin sí ni.

Ṣé Yorùbá nìkan ni ó wá rí i báyìí? Rárá o. Ìwé tí a sábà máa ń pè ní orísun irú ìkọ̀wé yìí ní Yúróòpù, ọmọ Áfíríkà ni ó kọ ọ́. Augustine, tí a bí ní 354 ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí ó di Àlgéríà lónìí, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Hippo, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 397. Ìwé náà ní apá 13, Ọlọ́run ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú apá kejì, ó yẹ olè kan tí ó jà ní ọmọ ọdún 16 wò: òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ já èso igi ẹlòmíràn lóru, èso tí kò wù wọ́n jẹ, wọ́n sì dà á fún ẹlẹ́dẹ̀. Ó wá ìdí rẹ̀ nínú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ohun tí ó rí ni pé bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni, òun kì bá tí ṣe é. Ó lọ wo inú ara rẹ̀, ẹgbẹ́ ni ó bá níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà ní ti wọn: al-Muhasibi, tí ó kú ní Baghdad ní 857, gba orúkọ rẹ̀ láti inú bíbá ẹ̀mí ara ẹni ṣírò, bí oníṣòwò ṣe ń bá alájọṣe rẹ̀ ṣírò owó.

Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù sún mọ́ ilé. Láti oṣù Keje 1929 títí di oṣù Kẹta 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, ó tó 30. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó wà lórí ibùsùn àìsàn, ẹwà rẹ̀ ti ṣá, ó sì ń ròyìn ayé àgbèrè tí ó ti gbé fún olóòtú, kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi í ṣe ẹ̀kọ́. Olóòtú náà, I. B. Thomas, ni ó kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1930 kan náà ló sì di ìwé, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Orúkọ àdúgbò Èkó àti orin ìgbà náà pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwọn òǹkàwé gbà á sí òótọ́, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀.

Ohun tí Thomas mọ̀, tí ó mú kí ìwé náà yè, ni pé ẹni tí ń jẹ́wọ́ kì í ṣe ẹnìkan. Ṣẹ̀gilọlá tí ń sunkún àti Ṣẹ̀gilọlá tí ó gbádùn ayé jọ wà lórí ibùsùn náà. Bí ìrántí bá ti gbé e dé ibi orin àti aṣọ, adùn á padà sí ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú á tì í, tí á tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ojú tì í níwájú ta ni? Níwájú olóòtú tí ó ń kọ̀wé sí, àti níwájú ìlú tí ń kà á. Láìsí wọn, kì bá tí gbọ́ ohùn ara rẹ̀ méjèèjì. Augustine náà jẹ́wọ́ nínú apá kẹwàá ìwé tirẹ̀ pé àwòrán ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ṣì ń wá bá òun lójú àlá, lẹ́yìn tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí n kò ì tíì rí ẹni tí ó gbé e yẹ̀ wò dáadáa: ọkùnrin ni ó fi ẹnu obìnrin sọ ìjẹ́wọ́ náà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn wọ̀n ọ́n, Thomas kò fi ojú ara rẹ̀ rí inú Ṣẹ̀gilọlá, ìgbàgbọ́ sì ni gbogbo ohun tí ó kọ. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé Èkó kà á, ọkàn wọn sì jẹ́rìí sí i.