Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tù ní Ọ̀nà Ọ̀tan Ayégbajú: Ṣé Kí Á Rẹ̀ Ẹ́ Sílẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn sí ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa sọ lọ́dún yìí. Ó lè ya àwọn olùkọ́ wa lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá jókòó, ó ń kọ̀wé lórí sípíríǹgì ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, ohun tí wọ́n fi hàn wá ni pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ṣòro fún wa láti sọ.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ bíbí Ọ̀tan Ayégbajú tí iṣẹ́ gbé dé Èkó, ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù tòkunbọ̀ kan, onílẹ̀kùn méjì. Oṣooṣù ni wọ́n ń wálé wá wo ìyá wọn, ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo. Wọ́n fẹ́ rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ kí ó lè súnmọ́ ilẹ̀ bí ti àwọn tí wọ́n ń rí nínú àwòrán. Mẹkáníìkì kan ní ó dára, èkejì ní kí wọ́n má dán an wò. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí èmi tí mo ń kàwé wádìí ọ̀rọ̀ náà fún àwọn.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Sípíríǹgì ni irin wíwé tí ó gbé ọkọ̀ dúró lórí táyà. Bí táyà bá kọ lu òkúta, sípíríǹgì a sún kì, kí ìjàǹbá náà má bàa dé ara ṣáàṣí àti ara èrò. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì nìkan kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Bí a bá fi sílẹ̀, ọkọ̀ yóò máa fò sókè-sódò bí ọmọdé tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń dá a lẹ́kun. Òróró wà nínú ṣọ́ọ̀kì, ihò tóóró ni òróró yìí sì ń gbà kọjá, èyí ni kì í jẹ́ kí ìfò náà pẹ́. Láti rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, sípíríǹgì tí ó kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni wọ́n máa ń fi sí i, tàbí kí wọ́n gé èyí tí ó wà níbẹ̀.

A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀: ó ní àǹfààní. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré wọ kọ́nà, ìwúwo rẹ̀ a máa kúrò lórí táyà ti inú lọ sórí ti ìta. Bí àárín gbùngbùn ìwúwo ọkọ̀ bá ṣe ga tó ni ìwúwo tí ó ń ṣí kúrò yóò ṣe pọ̀ tó. Bí àárín náà bá ga ní 50 sẹ̀ǹtímítà, tí a sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 3, tí ohun gbogbo yòókù sì wà bákan náà, ìwúwo tí ó ń ṣí yóò fi ìdá 6 nínú 100 dínkù. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò di ilẹ̀ mú dára sí i. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ eré ìje orí ọ̀dà tí ó ń dán fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyà wọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò tẹ́ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fún wa? Ọ̀tan Ayégbajú, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà láàrin òkè. Òun àti Ìgbàjọ, Ìrèsì àti Ẹ̀rìpa ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Níbi tí òkè bá wà, àgbàrá òjò a máa ṣàn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, a sì máa jẹ etí ọ̀dà títí yóò fi di gálọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn èyí ni òkìtì tí àwọn ará àdúgbò máa ń mọ sójú títì kí awakọ̀ má bàa sáré pa ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀ bá fi 13 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sílẹ̀, tí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 4, ó ku 9. Bí èrò àti ẹrù bá tún tẹ̀ ẹ́ ní 3, ó ku 6. Òkìtì tí ó ga ní 8 péré yóò fọ́ sọ́ọ̀ǹpù tí òróró ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀, tàbí kí ó já sàlẹ́ńsà. Bí òróró bá sì jò tán tí awakọ̀ kò mọ̀, ẹ́ńjìnì yóò dì pa.

Ewu kejì ni pé àyè tí sípíríǹgì ní láti sún kì ti kéré. Bí kòtò bá jìn, irin yóò kọ lu rọ́bà tí ó wà ní òpin àyè náà, ọkọ̀ yóò sì le gbagidi lójijì. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú kọ́nà, táyà lè yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ewu kẹta wà nínú gígé. Bí sípíríǹgì bá ní ìwé 8 tí ó ń ṣiṣẹ́, tí a gé 1 kúrò, yóò fi nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 le sí i, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ kò sì ní lè dá a lẹ́kun mọ́ bí ó ti yẹ. Orí tí a gé lè má jókòó dáadáa ní àyè rẹ̀, bí ọkọ̀ bá fò, ó lè yẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ìdúró táyà yóò yí padà. Bí wọn kò bá tún un tò, apá kan táyà ni yóò máa jẹ.

Ìtàn pẹ̀lú lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, ọkọ̀ náà sì gba orúkọ rere lọ́wọ́ àwa ará Nàìjíríà nítorí pé ó ga, sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀, ó ń gbé kòtò mì. Ní ọdún 1975 yẹn gan-an, 504 gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní Kẹ́ńyà. Ní 1978, 504 onílẹ̀kùn méjì, tí ó jẹ́ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù tòótọ́, gba ipò kìíní níbẹ̀, ó sì tún gbà á nínú eré ìje Bandama ní Côte d'Ivoire. Àwọn tí ó ṣètò ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò rẹ̀ wọ́n sílẹ̀; ṣe ni wọ́n gbé wọn ga, wọ́n sì fún abẹ́ wọn lágbára. Èyí fi hàn pé gíga kò ní kí ọkọ̀ má yára. Ọ̀nà ni ó ń sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe rí.

Ìmọ̀ràn tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tí ó ní ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ lókè òkun ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti tún ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ṣe irú àtúnṣe yìí gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wọn pàápàá. Èkejì, kí wọ́n kó èrò kún ọkọ̀, kí wọ́n bu epo kún táńkì, kí wọ́n wá fi rúlà wọn ibi tí ó rẹlẹ̀ jù, kí wọ́n sì wọn òkìtì tí ó ga jù láti Ìkìrun dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ̀kẹta, owó tí wọn ì bá fi ra sípíríǹgì kúkúrú, kí wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, táyà gidi àti rọ́bà abẹ́ ọkọ̀. Nǹkan wọ̀nyí yóò mú kí ọkọ̀ di ilẹ̀ mú nínú kọ́nà, láìsí pé abẹ́ rẹ̀ ń họ ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wọn ọ̀nà náà. Òkìtì méjì ni ó ga ju àyè tí ì bá kù lábẹ́ ọkọ̀ lọ, ọ̀kan nínú wọn sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ìyá gbà lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ohun tí ó dára lójú. Bí ẹnì kan bá ń gbé ibi tí títì ti tẹ́jú, tí ó ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí a ṣe fún ara wọn, tí ó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, tí ó sì tún ìdúró táyà tò, kò ṣe ohun tí ó burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣíwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kí á wọn ọ̀nà wa ná, kí á tó gé irin.