Èéfín Ta Là Ń Mí Sínú?

Bí ikọ́ bá ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu ládùúgbò tí wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí, ẹ̀rọ tó ń jó o ni gbogbo èèyàn máa ń nàka sí. Ìfura náà tọ́, torí pé ọ̀rá tí iná kò jó tán lè tú májèlé dioxin sáfẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín tí ojú rí nìkan kọ́ là ń mí sínú. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020 fojú bù ú pé ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ pa èèyàn bí 11,200 ní Èkó lọ́dún 2018, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀, iléeṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ló tò síwájú nínú àwọn tó fà á, àwọn àdúgbò bíi Muṣin àti Yàbá kò sì ṣàìní wọn. Kí a tó dẹ́bi fún ẹ̀rọ kan, ó yẹ ká wádìí bóyá èéfín rẹ̀ ló ń wọ imú wa lóòótọ́. Ó ṣeé wádìí.

Eruku wínníwínní tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń gbé àmì ibi tó ti wá dání. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ gba inú pépà asẹ́, wọ́n á wá yẹ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn wò. Zinc sábà ń tọ́ka sí táyà, potassium sí igi ìdáná, silicon sí eruku ọyẹ́, chlorine sí ọ̀rá tó jóná. Ibi tí ọ̀rọ̀ Èkó ti ta kókó nìyí: iyọ̀ òkun náà ní chlorine, òkun kò sì jìnnà sí Sùúrùlérè. Chlorine nìkan kò tó fi dájọ́. Sodium ni a ó fi mọ̀ ọ́n: nínú iyọ̀ òkun, ìwọ̀n kan làwọn méjèèjì fi ń rìn pọ̀, chlorine tó bá ju ìwọ̀n yẹn lọ, ọ̀dọ̀ iná ló yẹ ká wá a lọ.

Atẹ́gùn náà ń jẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń fẹ́ láti etí òkun, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Nígbà ọyẹ́, ó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Nítorí náà, àkìtàn Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta, tó gbaná lóṣù Kẹta ọdún 2018, lè fi èéfín ránṣẹ́ sí Muṣin lásìkò ọyẹ́. Àkókò náà ń jẹ́rìí: ìbàjẹ́ tó ń ga láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ jọ ti ọkọ̀. Èyí tó ń pọ̀ lóru nígbà tí iná mànàmáná bá lọ jọ ti jẹnẹrétọ̀.

Àwọn kan á sọ pé irú àlàyé yìí ló máa ń gba àwọn tó ni ẹ̀rọ sílẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀: ẹ̀sùn tí kò lẹ́rìí ló rọrùn fún wọn láti tì sórí dáńfó. Bí ìbàjẹ́ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ bá ga ju ti ibi tó ti ń bọ̀, tí àmì ọ̀rá tó jóná sì wà níbẹ̀, wọn kò ríbi sá sí. Àwọn mìíràn á ní ìwádìí ń pẹ́, ọmọ sì ń kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká dúró. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ooru iná ìjódọ̀tí tó 850 °C, kó sì tó 1,100 °C fún ìdọ̀tí eléwu tí chlorine pọ̀ nínú rẹ̀. LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lè yẹ ooru ẹ̀rọ wò lónìí, kó sì ti èyí tí kò bá tó o pa, nígbà tí pépà asẹ́ ṣì ń gba eruku lọ́wọ́.