Iṣẹ́ Ni Kí A Kọ́kọ́ Wọ̀n, Kí A Tó Yan Ẹ̀rọ

Ọwọ́ ni àwọn baba ńlá wa fi gbẹ́ yàrà tí ó yí ìlú Kétu ká. Lónìí, ẹ̀rọ ni ó ń walẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kò fi ọgbọ́n yàn a máa jẹ owó ìlú run.

Ní abúlé wa, nítòsí Kétu, àgbàrá a máa gé ọ̀nà oko ní gbogbo ìgbà òjò. Iṣu ń jẹrà lóko; aláboyún ń pẹ́ kí ó tó dé ilé ìwòsàn. A dáwó jọ, a sì sáré yá pelle ńlá kan, nítorí pé títóbi rẹ̀ wù wá, owó ọjọ́ kan rẹ̀ kò sì ga lójú wa. A kò ro owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wá tí yóò sì gbé e padà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ onírin kì í rìn lórí ọ̀dà. Garawa rẹ̀ fẹ̀ ju kòtò tí a fẹ́ lọ, ó sì ba ebè oníṣu jẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Owó tán kí a tó rí ẹ̀rọ tí yóò tẹ́ ojú ọ̀nà. Òjò dé, ó gbá iyẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò.

Ní ọdún kejì, a kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ná: kòtò 600 mítà ní gígùn, mítà 1 ní jíjìn, sẹ̀ǹtímítà 60 ní fífẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mètre cube 360. Pelle oní-tọ́ọ̀nù 20 lè walẹ̀ kọjá mítà 6. Kí ni a fẹ́ fi ṣe? Tractopelle bíi tọ́ọ̀nù 8 lè walẹ̀ tó mítà 4, ó ń lo garawa sẹ̀ǹtímítà 60, ó sì ń fi táyà ara rẹ̀ rìn wá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Owó tí ó ṣẹ́kù ni a fi yá niveleuse àti rouleau.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ lè ka fiche technique, ẹ bá àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo bí ẹ̀rọ ti wúwo tó, bí garawa rẹ̀ ti fẹ̀ tó, àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè walẹ̀ dé. Ìwé kan lè kọ kW 74, òmíràn a kọ ch 100: agbára kan náà ni, nítorí kW 1 jẹ́ ch 1,36. Ẹ ka aago tí ó ń ka wákàtí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó gasoil, awakọ̀ àti ọkọ̀ tí yóò gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ ro gbogbo owó pọ̀, kí ẹ sì pín in sí iye mètre cube tí a fẹ́ wà. Iye yìí ni kí ẹ fi wé ara wọn, kì í ṣe owó ọjọ́ kan ṣoṣo.

Òjò tún ti rọ̀ láti ìgbà náà. Omi gba inú kòtò lọ. Iṣu wa gba ojú ọ̀nà dé ọjà.