Sátẹ́láìtì àti Ihò Òkè Ojú Ọ̀run
Gáàsì òsóònù wà lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 35, tó ń bá wa dènà ìtànṣán oòrùn tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara. Nimbus-7, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ lọ́dún 1978, ń wọ̀n ọ́n nígbà náà láìfọwọ́ kàn án: ó ń fi ìtànṣán tó ti oòrùn wá wé èyí tí afẹ́fẹ́ ta padà, èyí tó bá dín, òsóònù ló gbé e mì. Iye tó kéré jù lókè Antarctica ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ bí àṣìṣe. (Àwa alábẹ̀wò ìwé owó mọ irú iye bẹ́ẹ̀!) Lọ́dún 1985, àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ ibẹ̀ kéde pé ó ti dín gan-an, ìwé sátẹ́láìtì sì fi bí ihò náà ti fẹ̀ tó hàn. Gáàsì fìríìjì àtijọ́ wà lára ohun tó fà á. Àdéhùn Montreal ti 1987 ló fòfin dè é. Ẹ má jẹ́ kí alátùn-únṣe tú ti inú fìríìsà ògbólógbòó ẹgbẹ́ yín sáfẹ́fẹ́.