Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni Busia fún wọn! Bí wọ́n ṣe lé àwọn ọmọ Ṣakí kúrò ní Gánà

Ká ní ẹ dé ọjà Tamale, ní Gánà, ṣáájú ọdún 1969, èdè Yorùbá lẹ máa gbọ́. Àwọn ọmọ Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ń tajà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti bímọ, wọ́n ti kọ́lé. Àfi lọ́jọ́ 18, oṣù kọkànlá, tí ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wàhálà dé! Wọ́n lu ọjà ní gbàǹjo, owó tí wọ́n yáni wọgbó. Àwọn ọmọ tí ò mọ Ṣakí rí wá dèrò ilé bàbá wọn. Ẹni tó ti kọ́lé sílé rí ibi forí pamọ́ sí. Ẹni tí ò kọ́, ọ̀dọ̀ ẹbí ló wọ̀ sí. Nígbà tó di 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ rántí o: ilé làbọ̀ ìsinmi oko.