Yàrá Inú Ọkọ̀ Òkun: Ara Ẹni Tí Yóò Sùn Níbẹ̀ Ni Kí Ẹ Fi Yàn Án

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu ní ojú ìwé ìlera, nítorí ó dàbí ọ̀rọ̀ fàájì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fàájì nìkan. Àwọn ọmọ wa kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba a máa tu owó jọ láti mú ìyá tàbí bàbá wọn gun ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun, bóyá nítorí àádọ́rin ọdún tí òbí pé, tàbí kí àgbà kàn lè sinmi. Èbúté Southampton ni púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra. Kí wọ́n tó sanwó, ọmọ a béèrè pé, "Màmá, irú yàrá wo ni kí a gbà fún yín?" Màmá a sì dáhùn pé, "Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ọmọ mi." Ìdáhùn ìyá rere ni, ṣùgbọ́n kò bá ìlera mu.

Ọkọ̀ òkun kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn àgbà tí ó lọ kàwé ní òkè òkun kò tíì gbàgbé ọkọ̀ Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, tí ó ná Liverpool sí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a sì mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ní 1974. Nígbà náà, ibi tí à ń lọ ni ó jẹ wá lógún. Ẹni tí èébì bá gbé a fara dà á títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀. Ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ yàtọ̀. Inú ọkọ̀ gan-an ni ìgbádùn náà wà, yàrá tí a bá sì gbà ni a ó sùn sí fún ọjọ́ méje tàbí mẹ́rìnlá. Bí ọkọ̀ bá ti kún, kò rọrùn láti pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Oríṣi yàrá mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èkínní ni yàrá inú lọ́hùn-ún, tí kò ní fèrèsé rárá. Òun ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Èkejì ni onífèrèsé, tí a lè ti inú rẹ̀ wo òkun, ṣùgbọ́n tí fèrèsé náà kì í sábà ṣí. Ẹ̀kẹta ni oníbàkónì, tí ó ní ilẹ̀kùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré níta. Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn olówó, tí ó fẹ̀, tí ó sì ní pálọ̀ tirẹ̀. Àwọn tí ń ta ìwé ọkọ̀ a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èyí tí ó wọ́n jù ni ó dára jù. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa pé kí a wo aláìsàn kí a tó yan ibùsùn fún un: ẹni tí mímí nira fún, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹni tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ̀bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bákan náà ni ó rí nínú ọkọ̀.

Òòyì àti èébì

Inú etí wa lọ́hùn-ún ni ohun tí ń sọ fún ọpọlọ bóyá a dúró tàbí a ń mì wà. Bí a bá jókòó nínú yàrá tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ojú yóò sọ fún ọpọlọ pé, "A kò lọ síbì kan." Etí yóò ní, "Irọ́ ni, a ń mì." Àríyànjiyàn ojú àti etí yìí ni ó ń bí òòyì, òógùn tútù, itọ́ púpọ̀ àti èébì. Kì í ṣe àjẹjù, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá.

Níbo ni ọkọ̀ kì í ti í mì púpọ̀? Ẹ rántí jáńgílófà tí àwọn ọmọdé ń fi pákó gígùn ṣe. Àwọn tí ó jókòó ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni ń lọ sókè sódò. Ẹni tí ó wà ní àárín kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí nígbà tí ìgbì bá gbé iwájú rẹ̀ sókè. Ẹ tún wo igi ọ̀pẹ nínú ìjì: orí rẹ̀ ni ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìdí rẹ̀ kì í fì. Nítorí náà, ẹni tí ó máa ń bì nínú mọ́tò, ẹ wá yàrá fún un ní agbedeméjì ọkọ̀, kí ó sì wà ní àjà ìsàlẹ̀. Yàrá òkè téńté ní iwájú pátápátá, níbi tí a ti ń rí òkun lọ salalu, wà lára àwọn tí ó ń mì jù. Òótọ́ ni pé àwọn ọkọ̀ ńlá ní apá irin lábẹ́ omi tí ń dín mímì kù, ṣùgbọ́n kò lè mú un kúrò pátápátá. Ẹni tí yóò sì ti Southampton lọ sí Sípéènì tàbí Pọtogí ní ìgbà òtútù yóò la omi Biscay kọjá, ibi tí òkun ti máa ń ru gidigidi ní àkókò náà.

Bí agbára bá gbé e, kí yàrá ẹni bẹ́ẹ̀ ní fèrèsé. Bí a bá ń wo ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun lọ́ọ̀ọ́kán, ojú àti etí a tún fohùn ṣọ̀kan.

Ní ti oògùn, cinnarizine, promethazine àti hyoscine ni a sábà máa ń lò. Wọ́n ṣiṣẹ́ jù bí a bá lò wọ́n kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí mì. Wọ́n lè kun ni lóorun, àgbàlagbà sì lè ti ibẹ̀ ṣubú, nítorí náà ẹ má ṣe mu ọtí lé wọn. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ẹyinjú rẹ̀ ń le láti inú, tàbí bàbá tí ìtọ̀ ń há mọ́, kò gbọdọ̀ lo èyíkéyìí láìbi dókítà.

Orúnkún àti balùwẹ̀

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ òde òní lè tóbi bí àdúgbò kan. Èyí tí ń jẹ́ Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ní àjà 20, gígùn rẹ̀ sì lé ní mítà 360. Ẹ wo màmá tí orúnkún ń dùn, tí yàrá rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kan, tí yàrá oúnjẹ sì wà ní ìpẹ̀kun kejì, tí yóò rìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sọ pé ebi kò pa òun. Ẹ gba yàrá fún un tí kò jìnnà sí lífìtì. Kí ó má ṣe kan lífìtì gan-an nítorí ariwo èrò, ṣùgbọ́n kí yàrá díẹ̀ péré wà láàárín wọn.

Balùwẹ̀ ọkọ̀ sábà máa ń kéré, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ a sì máa ní ibi gíga tí a ó gbé ẹsẹ̀ kọjá. Èyí léwu fún ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀, tí ó ń jí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Ìyá kan dé sí ilé ìgboògùn wa láti irú ìrìn-àjò yìí pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀ wíwú. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni ó ti fi ẹsẹ̀ kọ lóru. Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, bí a bá paná, òkùnkùn biribiri ni. Bí ó bá jẹ́ òun ni owó yín ká, ẹ gbà á, kò burú; ṣùgbọ́n ẹ mú iná kékeré oníbátìrì lọ, kí ẹ gbé e sí ọ̀nà balùwẹ̀.

Fún ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀pá, àwọn ọkọ̀ ní yàrá tí a ṣe fún un, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, tí ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí irin ìdìmú sì wà lára ògiri. Wọn kì í pọ̀, nítorí náà ẹ tètè béèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ wádìí ibùsùn pẹ̀lú: nínú yàrá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn kan a máa wà lókè, àkàbà ni a fi ń gùn wọ́n. Màmá kọ́ ni yóò gun àkàbà.

Oorun, afẹ́fẹ́ àti ọmọdé

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi oorun ṣeré. Ẹ gba àwòrán àwọn àjà ọkọ̀ náà, kí ẹ wo ohun tí ó wà lókè yàrá àti ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wà lábẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ yóò máa gbọ́ bí a ti ń wọ́ àga láàárọ̀ kùtù. Ẹni tí ó wà lórí ilé ijó yóò máa gbọ́ orin títí di òru. Ẹni tí ó wà níwájú nísàlẹ̀ lè gbọ́ ìró ìdákọ̀ró. Yàrá tí ó ní yàrá lókè, tí ó tún ní yàrá nísàlẹ̀, ni kí ẹ wá.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, a dá ọkọ̀ Diamond Princess dúró ní Yokohama ní Jápáànì pẹ̀lú ènìyàn 3,711 nínú rẹ̀. A ní kí àwọn èrò má ṣe jáde ní yàrá. Àwọn oníbàkónì rí afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Àwọn tí kò ní fèrèsé ń dúró de ìgbà tí a ó jẹ́ kí wọ́n jáde fún ìgbà díẹ̀. Irú èyí ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò norovirus ń fà a máa ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀, a ó sì ní kí ẹni tí ó bá mú dúró sí yàrá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já níbi tí a sé mọ́, kí ó gba yàrá onífèrèsé tàbí oníbàkónì. Kí gbogbo yín sì máa fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́. Sànítáísà nìkan kò ká kòkòrò yìí dáadáa.

Bàkónì àti ọmọ kékeré tí ń gun nǹkan kì í ṣe ọ̀rẹ́. Fèrèsé tí kì í ṣí ni ó dára fún un. Bí ẹ bá gba oníbàkónì, ẹ má ṣe jẹ́ kí àga sún mọ́ irin rẹ̀, kí ẹ sì máa ti ilẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, wọn kì í sì í gba aboyún tí oyún rẹ̀ yóò ti wọ ọ̀sẹ̀ 24 kí ìrìn-àjò tó parí.

Ohun tí ẹ ó béèrè kí ẹ tó sanwó

Èkínní: Ta ni yóò yan yàrá? Owó kan wà tí ó rọjú, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yóò fi fún yín ní èyí tí ó bá wù ú. Ó dára fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, kò dára fún aláàárẹ̀.

Èkejì: Kí ni ó wà níwájú fèrèsé? Nígbà mìíràn ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà ni ó ń dí i.

Ẹ̀kẹta: Níbo ni a ó fi insulin alátọ̀gbẹ pamọ́ sí? Fíríìjì yàrá mìíràn kò tutù tó.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé iná mànàmáná wà nítòsí ibùsùn fún ẹni tí ń fi ẹ̀rọ mí lóru?

Ẹ̀karùn-ún: Ṣé ìwé adójútòfò ìrìn-àjò yín kan àìsàn tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀? Dókítà wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ni a ń san fún un.

Ẹ rántí pé a ó gba àpò ńlá yín ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó dé yàrá. Àpò ọwọ́ ni kí oògùn wà, kí ó sì lé ní ti iye ọjọ́ tí ẹ ó lò.

Ẹ̀yin ọmọ tí ń tọ́jú òbí, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ bi Màmá pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ń jí lóru? Ṣé orúnkún ń dùn yín? Ṣé mọ́tò kì í mú yín bì?" Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ṣe pa á mọ́ nítorí kí ẹ má baà ná ọmọ lówó jù. Yàrá tí ó bá yín lára mu lè má wọ́n ju èyí tí kò bá yín mu lọ. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀.