Àṣìṣe Tó Sùn Sínú Fáìlì: Ìdí Tí Sáfà Fi Ń Kọ̀ Láti Dìde

Sáfà kan lè máa bá iṣẹ́ lọ fún oṣù mẹ́ta, kí ohun tó máa dá a dúró sì ti wà nínú fáìlì rẹ̀ látìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ wo Nginx, tí Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 2004. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá àlejò ìkànnì lóhùn, kó sì gbé ojúewé tí wọ́n béèrè fún wọn. Ìgbà tó bá ń dìde, tàbí tí a bá ní kó tún un kà, nìkan ló máa ń ka fáìlì ètò rẹ̀. Tó bá ti kà á tán, ohun tó ti há sórí ló ń tẹ̀ lé. Ẹ ba fáìlì náà jẹ́ lónìí, kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì tún un tàn ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníṣòwò aṣọ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n tún ẹ̀rọ tàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìkànnì kò ṣí mọ́, àwọn oníbàárà kò sì rí ọjà rà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kó dúró ná: ta ló ń wó ilé torí pé kọ́kọ́rọ́ há?

Mo tẹ `sudo nginx -t`. Àṣẹ yìí á yẹ fáìlì wò láìgbé sáfà dìde. Ó dáhùn pé `invalid parameter "server_name"`, ó ní ìlà kẹta ni. Ṣùgbọ́n kò sóhun tó ṣe ìlà kẹta. Ìlà kejì ló ní `listen 80` láìsí àmì `;` lẹ́yìn rẹ̀. Àmì yẹn ni Nginx fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí kò rí i, ó ka ọ̀rọ̀ ìlà kẹta mọ́ ti ìlà kejì. Torí náà, tí ìlà tó dárúkọ bá dára, ẹ wo èyí tó wà lókè rẹ̀.

A fi àmì sí i, àyẹ̀wò yege. Síbẹ̀, sáfà kò dìde! Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní `Address already in use`. Pọ́ọ̀tù 80 dà bí ìsọ̀ lọ́jà: ẹni méjì kì í pàtẹ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. `sudo ss -ltnp` fi hàn wá pé Apache, sáfà mìíràn tó wà lórí ẹ̀rọ náà, ló ti kọ́kọ́ débẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó má dìde mọ́ tí ẹ̀rọ bá tàn. `nginx -t` kì í sì ka èyí sí àṣìṣe. A tẹ `sudo systemctl disable --now apache2`, a gbé Nginx dìde, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Tí ẹ bá ti fọwọ́ kan fáìlì ètò, ẹ kọ́kọ́ tẹ `sudo nginx -t`, lẹ́yìn náà `sudo nginx -s reload`. Tí àṣìṣe bá ṣì wà níbẹ̀, Nginx kò ní gba ètò tuntun náà. Ti àtijọ́ láá máa lò lọ, ìkànnì yín kò sì ní kú. Àṣìṣe tí ẹ bá rí lónìí kò ní jí yín lóru.